Ohun Kíkà àti Ohun Wíwọ̀n

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò kò jọ ọ̀rọ̀ ńlá lójú ẹni tí kò tíì ká lára. Ọ̀rọ̀ "many" àti "much" ni, àti ti "few" àti "little", pẹ̀lú gbogbo ìbátan wọn tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ bí nǹkan ti pọ̀ tó tàbí bí ó ti kéré tó. Èdè Yorùbá ní "púpọ̀" kan ṣoṣo tí ó ń lò fún ènìyàn, fún omi, fún òkúta, fún ìyà àti fún ayọ̀. Ọmọ tí ó ti mọ "púpọ̀" yìí láti ìgbà tí ó ti ń ra kò ni a wá ní kí ó dúró níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ohun tí a ń kà ni tàbí ohun tí a kì í kà, kí ó tó lè la ẹnu sọ̀rọ̀.

Ọmọ Òkè-Àgbè ni mí, ìlú tí Àfá, Ògè, Ùdò àti Àjè para pọ̀ di. Mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá káàkiri Àkókó. Ẹni tí ó bá mọ agbègbè wa yóò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe elédè méjì lásán. Ọmọ Àfá a máa sọ Òwọ̀n Àfá nílé, a máa sọ Yorùbá bí ó bá dé ọjà Ìkárẹ́ tàbí ti Ọ̀ka, a sì máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìdánwò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, ẹni tí ìwé gírámà Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1978, ti kọ̀wé lórí Òwọ̀n Àfá ní ọdún 1972. Ní Àkókó kan náà ni a ti ń sọ èdè Ùkààn, ní Àúga àti Ìkákùmọ̀. Ní èdè yẹn, orí ọ̀rọ̀-orúkọ a máa yí padà bí ohun tí à ń sọ bá kúrò ní ẹyọ tí ó di ọ̀pọ̀. Mo mẹ́nu kan èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àjèjì pátápátá ni fífi àmì ọ̀pọ̀ sára ọ̀rọ̀-orúkọ jẹ́ lórí àwọn òkè wa. Àwọn aládùúgbò wa kan ń ṣe é kí Òyìnbó tó dé. Yorùbá ni kò ṣe é, nítorí pé ibòmíràn ni ó gbé àmì tirẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà nínú ewu. Àjọ WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1952, a máa pín máàkì àròkọ Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀nà mẹ́rin. Máàkì mẹ́wàá nínú àádọ́ta wà fún kíkọ èdè láìṣìṣe, ìdajì máàkì ni a sì ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá kọ "informations" ní ìlà kìíní, tí ó kọ "advices" ní ìlà kẹta, tí ó kọ "equipments" ní ìlà karùn-ún, tí ó sì fi "much" ṣáájú "students" ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ti sọ máàkì méjì nù kí ó tó yí ojú ìwé náà padà. Inú ìwé ìbéèrè oníyàn-kan-mú-kan náà ni irú ọ̀rọ̀ yìí tún ti ń dúró de é. Bẹ́ẹ̀ ni a sì mọ̀ pé ẹni tí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, bí ó tilẹ̀ mọ ìṣirò bí ẹni mọ owó, ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni yóò dúró sí.

Ewu kejì wà, òun ni ó sì mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, ọmọbìnrin kan kọ "many advices" fún ìgbà kẹta. Olùkọ́ rẹ̀ fi ìwé náà han gbogbo kíláàsì, ó sì wí pé kò yà òun lẹ́nu, nítorí pé èdè tí ọmọ náà mu mọ́ ọmú kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun kíkà àti ohun àìkà. Àwọn ọmọ yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi mọ̀ pé bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti jáde, ìdí àtẹ gàrí ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà ń lọ. Níbẹ̀, ó mọ iye kóńgò tí ó wà nínú àpò kan, ó mọ kóńgò tí a fi ọwọ́ nù àti èyí tí a kó ní àkúnwọ́sílẹ̀, ó sì mọ iye tí yóò ṣẹ́ kù bí oníbàárà bá na owó ńlá. Kí a wá sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé èdè rẹ̀ kò mọ ohun kíkà yàtọ̀ sí ohun wíwọ̀n! Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òtítọ́, ó sì burú ju ìdajì máàkì lọ, nítorí pé máàkì lè padà wá lọ́dún tí ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ti gbà pé èdè òun ni ó fọ́ òun lójú kì í sábà wá ìmọ́lẹ̀ mọ́.

Kí ni òtítọ́? Òtítọ́ ni pé Yorùbá mọ ìyàtọ̀ náà dájúdájú, a sì ń kọ́ ọ nínú gírámà Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ wa lábẹ́ orúkọ ọ̀rọ̀-orúkọ aṣeékà àti ọ̀rọ̀-orúkọ aláìṣeékà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kí ó fi "mélòó" dán an wò. "Ọmọ mélòó?" dára. "Àga mélòó?" dára. "Iyọ̀ mélòó?" kò dára, bí ẹnì kan bá sì sọ ọ́, ẹni tí ó gbọ́ yóò bi í padà pé, "Ṣíbí mélòó ni àbí àpò mélòó?" Ìbéèrè ìpadà yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Etí Yorùbá ti gbọ́ pé "mélòó" ń wá ohun tí yóò kà, kò sì rí i nínú iyọ̀, nítorí náà ó ń bèèrè ohun tí a ó fi wọn iyọ̀. Bákan náà ni "kọ̀ọ̀kan". A ń sọ pé "ọmọ kọ̀ọ̀kan", a kì í sọ pé "iyanrìn kọ̀ọ̀kan". Bákan náà ni "mélòó kan". "Ọ̀rẹ́ mélòó kan" jẹ́ gbólóhùn gidi. "Epo mélòó kan" kò jẹ́ nǹkan kan. "Púpọ̀", "díẹ̀" àti "gbogbo" nìkan ni wọ́n ń bá gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ rìn láìbèèrè ìran wọn. Ẹ sì kíyè sí i pé Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú wọn: "some", "enough", "plenty of" àti "a lot of" a máa tẹ̀lé aṣeékà àti aláìṣeékà bákan náà. Èdè méjèèjì ní ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣe ìyàtọ̀, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ìyàtọ̀. Ibi tí ààlà gbà kọjá ni kò dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó fi èyí hàn jù. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí a sọ pé "many money" láéláé, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ wa kò rí ìdí rẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tí ènìyàn ń kà tó owó. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ ní ti ìtàn. Owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń ná, ẹyọ ẹyọ sì ni wọ́n ń kà á. Ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ ẹgbàáwàá, èyí tí í ṣe 20,000. Títí di òní, a kò bèèrè iye ọjà pẹ̀lú "mélòó" lásán. "Eélòó" ni à ń wí, inú "owó mélòó" ni ọ̀rọ̀ yìí sì ti súnkì wá. Ìyẹn ni pé nínú èdè wa, owó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ aṣeékà débi pé ìbéèrè nípa kíkà rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ ka owó sí ohun tí ń ṣàn bí omi, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ nìkan ni ó ń kà. "How much money?" ni ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ náírà, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, "how many naira?" kò lòdì sí gírámà. Bí olùkọ́ bá ṣe àlàyé báyìí, ọmọ yóò mọ̀ pé òun kò gọ̀. Yóò mọ̀ pé ojú méjì ni a fi wo ohun kan náà.

Ibi tí ó yẹ kí olùkọ́ gbà wọlé wàyí ni òṣùwọ̀n ọjà, nítorí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò sí ọmọ Àkókó tí kò mọ hóró iyọ̀, ègé iṣu, ife omi, ìgò epo, ìdì igi, garawa ẹmu àti kóńgò gàrí. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ohun tí a kò lè kà ni a fi ohun tí a lè kà dè mọ́lẹ̀, tí nọ́ńbà fi wá rí ibi dúró sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe: "two grains of salt", "three slices of yam", "four bottles of oil". Ẹ jẹ́ kí ọmọ kíyè sí ìyàtọ̀ kan péré. Ní Gẹ̀ẹ́sì, "of" ni ó so òṣùwọ̀n mọ́ ohun tí a wọ̀n, òṣùwọ̀n sì ni àmì ọ̀pọ̀ ń bọ́ sí lára. "Bottles" ni ó gba "s". "Oil" kò gbà á. Ọmọ tí ó bá ti lóye èyí, bí a bá sọ fún un pé "advice" àti "information" wà láàrin àwọn ohun wíwọ̀n lọ́wọ́ Òyìnbó, òun fúnra rẹ̀ yóò bèèrè pé, "Kí ni kóńgò wọn?" A ó sì dá a lóhùn pé "piece" ni: "a piece of advice", "two pieces of information".

Ṣùgbọ́n n kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Afárá yìí kò gbé wa dé òdì kejì pátápátá. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí Yorùbá ń kà láìsí ìṣòro rárá tí Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí a kà. Ìmọ̀ràn mẹ́ta, ìròyìn méjì, iṣẹ́ mẹ́rin, ẹ̀rí púpọ̀, ẹrù márùn-ún: gbogbo rẹ̀ ni ó gún régé lẹ́nu wa. "Advice", "news", "work", "evidence" àti "luggage" kò gba nọ́ńbà, "news" sì tún wá fi "s" parí láti tan aláìmọ̀kan, nígbà tí ó jẹ́ pé "is" ni ó ń tẹ̀ lé e. Níbí ni olùkọ́ púpọ̀ ti ń sọ pé ọgbọ́n orí ni ó kọ́ Òyìnbó bẹ́ẹ̀, pé ìmọ̀ràn kì í ṣe ohun tí a lè fi ojú rí, nítorí náà a kò lè kà á. Àlàyé yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. A kò fi ojú rí "idea" náà, ṣùgbọ́n a ń kà á. Ẹrù ńkọ́, tí a ń gbé lé orí?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ Faransé ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ Kétu tí ó kọ "des conseils", "des informations" àti "des bagages" ti kọ òótọ́, olùkọ́ rẹ̀ yóò sì fún un ní máàkì. Yorùbá kan náà ni ọmọ Kétu àti ọmọ Ìkárẹ́ ń sọ nílé, ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n ń kà. Èdè tí a fà lé wọn lọ́wọ́ ni ó mú kí ọ̀kan yege kí èkejì sì pàdánù. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọgbọ́n orí, àṣà èdè ni. Ohun tí ó bá sì jẹ́ àṣà, a kì í fi bú ẹni tí kò bá a dàgbà. Ńṣe ni a ń kọ́ ọ.

Ẹ̀rí tí ó dùn mọ́ mi jù wà nínú ìkòkò. Ìrẹsì àti ẹ̀wà: hóró ni méjèèjì, kóńgò ni a fi ń wọn méjèèjì, a sì lè sè wọ́n pọ̀. Síbẹ̀, "rice" jẹ́ aláìṣeékà, "the rice is ready" ni à ń wí. "Beans" jẹ́ ọ̀pọ̀, "the beans are ready" ni ó tọ̀nà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ń jókòó ka ẹ̀wà kí ó tó jẹ ẹ́. Ta ni yóò sọ fún mi pé hóró ẹ̀wà tóbi ju hóró ìrẹsì lọ débi pé gírámà gbọ́dọ̀ yí padà? "Maize" náà sì ńkọ́, tí hóró rẹ̀ kò kéré sí ti ẹ̀wà, tí ó sì jẹ́ aláìṣeékà? Láti ibí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ pé kí ó má ṣe wo ohun náà pẹ̀lú ojú lásán. Kí ó mọ bí èdè ṣe ń pè é.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí ó ń gbé ẹsẹ̀ sí ìhà méjèèjì. Àkókó jẹ́ ilẹ̀ olókè. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ òkúta tí wọ́n fi kọ́ ilé, "a house of stone" ni, kò sí "s". Bí ọmọdé bá sì kó òkúta mẹ́ta jọ láti fi ṣe ààrò, "three stones" ni. Iṣu tí ó wà nínú àwo jẹ́ "some yam". Èyí tí ó wà nínú àká jẹ́ "many yams". Adìyẹ tí ń jẹ̀ nínú àgbàlá jẹ́ "a chicken". Ẹran rẹ̀ nínú ọbẹ̀ jẹ́ "some chicken". Yorùbá náà ń ṣe irú èyí. Ní ibùdókọ̀ Ìkárẹ́, èrò ọkọ̀ a máa na ọwọ́ jáde pé, "Ẹ fún mi ní omi méjì," kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé garawa ni àbí ife, nítorí pé ọ̀rá ti sọ omi di ohun kíkà. Òyìnbó tí ó béèrè "two coffees" nílé oúnjẹ kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku "few" àti "a few", "little" àti "a little", tí wọ́n jẹ́ ọ̀tá àwọn olùdánwò ju gbogbo ìyókù lọ. "Few" àti "a few" jẹ́ ti aṣeékà. "Little" àti "a little" jẹ́ ti aláìṣeékà. Ìyẹn rọrùn. Èyí tí ó le ni iṣẹ́ tí "a" kékeré yẹn ń ṣe. Bí a bá túmọ̀ gbogbo wọn sí "díẹ̀", a ti pàdánù. "He has a few friends" túmọ̀ sí pé ó ní ọ̀rẹ́ mélòó kan, ọkàn ẹni tí ń sọ ọ́ balẹ̀. "He has few friends" túmọ̀ sí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀dùn nínú. Ẹni tí ó ní "a little money" lè wọ ọkọ̀ dé Ọ̀wọ̀. Ẹni tí ó ní "little money" yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú bí yóò ṣe dé ibẹ̀. Yorùbá ní ìyàtọ̀ yìí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀-ìṣe àti ìyísódì ni ó fi í pamọ́ sí: "ó ní díẹ̀" yàtọ̀ sí "kò ní tó bẹ́ẹ̀". Kí olùkọ́ fi "kò tó nǹkan" túmọ̀ èyí tí kò ní "a", ọ̀ràn náà yóò yanjú.

Bí ẹnì kan bá wí pé fífi Yorùbá ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì yóò fà ọmọ sẹ́yìn, kí ó rántí Ifẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà, nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àbájáde rẹ̀, tí ó di ìwé ní ọdún 1989, fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tíì fìdí múlẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé a ti fagi lé ìpinnu náà. Ìjọba lè yí ìlànà padà. Olùkọ́ tí ó dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé ní Òkè-Àgbè kò nílò àṣẹ kí ó tó bèèrè lọ́wọ́ ọmọ pé, "Báwo ni ìyá rẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n?"

Ní ìparí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣe ìwé kékeré kan, kí ẹ sì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Nínú ìpín kìíní, ẹ kọ àwọn ohun tí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì jọ ń kà. Nínú ìkejì, ẹ kọ àwọn tí èdè méjèèjì jọ ń wọ̀n. Nínú ìkẹta, ẹ kọ àwọn tí Yorùbá ń kà tí Gẹ̀ẹ́sì ń wọ̀n, pẹ̀lú òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan níwájú rẹ̀. Ìpín kẹta yìí kò ní gùn, bóyá kò ní kún ojú ìwé kan, ṣùgbọ́n òun ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bí orúkọ ara yín. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a yọ máàkì tí ó bá yẹ kí a yọ, nítorí pé ìdánwò kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Bí a bá sì ti yọ ọ́ tán, kí a sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ náà ní èdè tí ó mọ̀, láìbú èdè náà.